Ojú Tí Kò Ṣeé Fi Han Ọmọdé

Mi ò ní parọ́: tí mo bá rí ọkùnrin yẹn ní Benson n'Íkòròdú lónìí, tí òjò sì ń pa á, mi ò ní ṣí agboorùn mi bò ó. Àwọn èèyàn máa ń ní kí n dárí jì í, pé ó ti pẹ́, pé iṣẹ́ ẹ̀ ló ń ṣe. Kí wọ́n máa wí. Àwọn kọ́ ni wọ́n tẹ́ sórí pákó.

Fíìmù kan ló pa wá pọ̀, àwa la jọ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ìtàn ìgbà tí wọ́n lé àwọn èèyàn wa kúrò l'Ékòó wá sí Ẹ̀pẹ́ lọ́dún 1851 ni, títí wọ inú àwọn ọdún 1860: ìjà orí ọ̀sà, ọkọ̀ tó ń sá, ọkọ̀ tó ń lé e. Èmi ni obìnrin ọlọ́kọ̀ tó ń kó àwọn tó ń sá bọ̀. Apá kìíní dé apá kẹfà, èmi ni. Mo mọ ọkọ̀ wà, mo mọ odò wẹ̀, nítorí apẹja ni bàbá mi. Tí mo bá kọjá ní Ìtamága n'Íkòròdú, níbi tí mò ń gbé, àwọn tó ń tajà á pariwo, "Ọlọ́kọ̀! Ọlọ́kọ̀ wa!" Inú mi á dùn, mi ò ní fi pamọ́.

Ìyá mi ni inú ẹ̀ ò dùn sí i. Òun ló ń wẹ òkú àwọn obìnrin ní àdúgbò wa l'Ẹ́pẹ̀ẹ́. Tí obìnrin Mùsùlùmí kan bá kú, kí wọ́n tó ránṣẹ́ sí àlùfáà, ẹnìkan á ti sáré dé ilé wa, ìyá mi á sì gbé búùtà ẹ̀, ó di ibẹ̀. Ohun tó bá rí lára òkú, kì í sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá ń wẹ òkú tó tún ń ròyìn ẹ̀ kiri, wọn ò ní pè é mọ́. Lọ́jọ́ tí mo sọ fún un pé mo fẹ́ máa ṣe eré, ó gbé búùtà ẹ̀ kalẹ̀.

"Ṣe é o," ló wí. "Àmọ́ má kú nínú ẹ̀. Ọmọ ọlọ́mọ ni mò ń wẹ̀ látọjọ́ tí mo ti bẹ̀rẹ̀. Mi ò fẹ́ rí tèmi kó nà sílẹ̀, ìbáà jẹ́ ẹ̀fẹ̀."

Mo jẹ́jẹ̀ẹ́ fún un. Ọkùnrin tí mò ń bú yìí ló ni fíìmù, òun náà ló ń darí ẹ̀, ọ̀gá la ń pè é. Lọ́jọ́ tó mú mi fún eré, mo sọ fún un lójú ara ẹ̀ pé èmi ò ní kú o, ìyá mi ò fẹ́ ẹ. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ta ló fẹ́ pa irú yín? Nínú eré náà, wọ́n yìnbọn sí mi, wọ́n jù mí sódò, ọkọ̀ mi jóná, mi ò kú. Ìlérí tí mo ṣe fún ìyá mi ló ń yọ mí.

Nígbà tó kan apá keje, ó pè mí sí èbúté Ìpakodò. Mo bá a pẹ̀lú ọmọbìnrin kan, ó pupa fòò, èékánná ẹ̀ gùn. Ọ̀gá ní ọmọ náà ni yóò máa ṣe ọmọ mi nínú eré. Mo kí ọmọ náà káàbọ̀, mo na àjẹ̀ sí i. Ó fi ìka méjì gbà á bí ẹni gba ẹja tó ti jẹrà. Ẹ gbà mí o! Ẹni tó fẹ́ wa ọkọ̀ sá fún ogun nìyẹn?

Ọ̀gá ní àwọn tó ń yẹ fíìmù wò kó tó jáde ti kọ 18 sára mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tá a ti ṣe, pé ọmọdé ò gbọdọ̀ wò ó, nítorí ẹ̀jẹ̀ pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ pọ̀ lóòótọ́. Òun náà ló ń po nǹkan pupa tó ń dà sí wa lára. Ó ní apá keje gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí bàbá, ìyá àtọmọ lè jọ jókòó wò ní ilé sinimá. Kò ní sí idà, kò ní sí ìbọn.

"Ó dáa," mo ní. "Kí ló wá kàn mí níbẹ̀?"

"Àǹtí mi, ẹ má bínú o," ló wí, ẹnu ẹ̀ ń dán bí ẹnu ẹni tó lá oyin. "Ojú yín ni. Tẹ́ ẹ bá ti yọ lásán, kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀ rárá, ojú yín gan-an, 18 ni. Kò ṣeé fi han ọmọdé."

Háà! Ọmọkùnrin tó jẹ́ pé èmi ni mò ń bu oúnjẹ fún nígbà tó ń ru wáyà kiri fún àwọn ẹlẹ́gbẹ́ ẹ̀! Mo ní, "Ojú mi yìí, àwọn ọmọ mi wò ó dàgbà, kò séyìí tó dákú nínú wọn. Tìẹ ńkọ́? Ta ló wò ó tó rí ire?" Ọmọbìnrin pupa náà fọwọ́ bo ẹnu, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo ti mọ̀ pé wọ́n fẹ́ yọ mí ni, ó sì dùn mí dé egungun.

Kò pẹ́ ló tún pè mí, tó ń bẹ̀ mí. Ó ní mi ò ní jáde nínú eré, ọgbọ́n kan ni òun dá. Àwọn ọ̀tá ti dínà lórí ọ̀sà, Ọlọ́kọ̀ á wá díbọ́n pé òun kú. Wọn á wẹ̀ ẹ́, wọn á fi aṣọ funfun dì í, wọn á gbé e sínú ọkọ̀, àwọn ọ̀tá á sì yà fún òkú kó kọjá. Tí wọ́n bá ti kọjá tán, á dìde. Ẹ̀rín ló máa pa àwọn ọmọdé.

"Ṣé màá dìde?" mo bi í.

"Ẹ máa dìde, Àǹtí mi. Mo fi Ọlọ́run búra."

Mo gbà. Kì í kúkú ṣe ikú, ẹ̀tàn ogun ni. Ó ní òun á wá ẹni tó mọ òkú wẹ̀ dáadáa, kí àwọn ará Ẹ̀pẹ́ má bàa bú wa pé a ò mọ̀ ọ́n ṣe. Èyí náà tẹ́ mi lọ́rùn, mi ò sì bèèrè pé ta ni. Ìyá mi ò débi tá a ti ń ṣeré rí, mi ò rò pé ọ̀gá lè mọ ilé wa.

Ó mọ̀ ọ́n. Ó ti rán èèyàn síbẹ̀. Wọ́n ní kí ìyá mi wá fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é han àwọn òṣèré, pé ọmọbìnrin kan láti Ìkòròdú ni yóò sùn sílẹ̀. Inú ìyá mi dùn. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó, ta ló tún ń wá kọ́ nǹkan lọ́dọ̀ arúgbó láyé ìsinsìnyí? Ó tiẹ̀ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má sọ fún mi, òun fẹ́ wá bá mi lójijì níbi iṣẹ́.

Ọ̀sán gangan ni wọ́n tẹ́ mi sórí pákó nínú yàrá kan létí odò l'Ẹ́pẹ̀ẹ́. Wọ́n fi aṣọ funfun bò mí látorí dé ẹsẹ̀. Mo gbọ́ tẹ́nìkan wọlé, tó ní, "Àsàlámù àlékùm, ẹ kú iṣẹ́ o." Ohùn tó kọ́kọ́ pe orúkọ mọ́ mi lórí ni. Kí n tó mọ ohun tí mo máa ṣe, ó ti ń ṣe Bisimilahi, omi ti ń dà láti ẹnu búùtà, ó sì ti fa ọwọ́ ọ̀tún mi yọ, nítorí ọ̀tún ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Ó ń ṣàlàyé fún àwọn tó dúró yí wa ká: ẹ rọra, ẹ má dà á gìrì, òkú náà ń fẹ́ ìrọ̀rùn.

Ọwọ́ ẹ̀ dé ibi àpá kan lọ́rùn ọwọ́ mi, ibi tí ìwọ̀ ẹja ti fà mí ya ní kékeré, tí òun fúnra ẹ̀ tọ́jú. Ó fi àtàǹpàkò pa á lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà ló ṣí aṣọ kúrò lójú mi.

Búùtà bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Mo fò dìde, omi ń ro lára mi. "Ìyá mi, mi ò kú o! Eré ni! Mo ti dìde!" Kò wò mí. Ọwọ́ ara ẹ̀ ló ń wò.

Ibi tí ọkùnrin yẹn dúró sí lẹ́yìn kámẹ́rà, ó ń sọ pé, "Ó dáa gan-an, ó dáa gan-an!" Mo he búùtà nílẹ̀, mo sọ ọ́ lù ú láyà. Ǹ bá tún wá òkúta kún un tí kì í bá ṣe pé ìyá mi dì mí mú. Òun ló wá sún mọ́ ọ̀gá náà, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o ní ìyá?"

"Mo ní, mà."

"Ọlọ́run á jẹ́ kó pẹ́ fún ẹ. Má jẹ́ kí wọ́n ṣe irú èyí fún un láé."

Ó wọ bàtà ẹ̀, ó lọ. Kò gbé búùtà.

Ọ̀gá ní a máa pé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ láti ya ibi tí màá ti dìde. Ẹnikẹ́ni ò pè mí. Ilé sinimá n'Íkòròdú ni mo ti rí ìyókù. Ojú ìyá mi kún ibẹ̀ bó ṣe ń ṣí aṣọ, àwọn èèyàn sì ń sunkún lẹ́yìn mi. Wọ́n fi aṣọ funfun di ẹlòmíràn bí èmi, wọ́n gbé mi sínú ọkọ̀. Wọ́n wa ọkọ̀ náà dé òdì kejì, wọ́n sin mí. Ọmọbìnrin pupa gbé àjẹ̀, pẹ̀lú ìka méjì yẹn náà. Wọ́n kọ ọ́ sára pátákó iwájú ilé gàdàgbà pé tọmọdé tàgbà ló lè wò ó. Àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò ò jẹ̀bi: kò sí idà, kò sí ẹ̀jẹ̀, ìyá arúgbó kan ni wọ́n rí àti aṣọ funfun. Ẹni tó gbé e fún wọn ló mọ ohun tó wà nínú ẹ̀. Orí burúkú ni yóò bá a kalẹ́!

L'Ẹ́pẹ̀ẹ́, àwọn tó ti wò ó ń wá kí ìyá mi, òmíràn ń ṣàwàdà, òmíràn ń fi omijé kí i, "Ẹ kú ará fẹ́ra kù o." Ìyá mi ń fún wọn ní àga.

Lẹ́yìn náà ni aládùúgbò wa kan kú, wọ́n sì wá pè é. Ó ra búùtà tuntun, ó lọ. Ó ṣe Bisimilahi, ó fa ọwọ́ ọ̀tún òkú yọ, ó sì padà wálé. Ẹlòmíràn ló wẹ̀ ẹ́.

"Ìwọ ni mo bá níbẹ̀," ló sọ fún mi.

Wọn ò pè é mọ́. Fíìmù náà ti dé apá kẹsàn-án. Ọkùnrin yẹn tiẹ̀ ránṣẹ́ sí mi pé òun fẹ́ kí n wá fara han ọmọ mi inú eré lójú àlá. Mo lé ẹni tó rán dé òpópónà.

Tí mo bá sùn sílé wa l'Ẹ́pẹ̀ẹ́, kílẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ìyá mi á ti wá dúró tì mí, á fa ọwọ́ ọ̀tún mi yọ nínú aṣọ ìbora, á dì í mú títí màá fi dìde. Mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń tètè dìde.