Sátidé Tí Iná Wọ Oko Wa Ní Ararọ̀mí-Òwu

Fún ọ̀pọ̀ ọdún tí a fi ń gbé inú ilé wa ní Ìkirè, ìwé ilé náà kò sí lọ́wọ́ wa. Ó wà ní bánkì tó yá wa lówó tí a fi kọ́ ọ, n'Ìbàdàn. Tíṣà ni mí ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Àpómù, akọ̀wé ìjọba sì ni ọkọ mi. Oṣooṣù ni wọ́n ń yọ gbèsè náà lára owó oṣù àwa méjèèjì kó tó dé ọwọ́ wa. Ohun tí kì í jẹ́ kí ọkọ mi fọkàn balẹ̀ ni pé òun máa fẹ̀yìn tì kí gbèsè náà tó tán.

"Tí owó oṣù bá dúró, tí bánkì ò dúró ńkọ́?" Bó ṣe máa ń wí nìyẹn tí àwa àti àwọn ọmọ bá ń jẹun.

Ìdí nìyẹn tó fi ra ilẹ̀ sí Ararọ̀mí-Òwu, tó gbin kòkó, tó sì gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ sáàárín rẹ̀ kó máa ṣíji bò ó. Ó ní kòkó yẹn ni yóò máa san gbèsè ilé, òun náà ni yóò sì máa bọ́ wa tí a bá darúgbó. Gbogbo Sátidé la fi ń gun ọ̀kadà rẹ̀ lọ síbẹ̀. Bí wọ́n bá pè wá síbi ìsọmọlórúkọ, oko là ń lọ. Bí àwọn ọmọ bá wálé, oko náà ni. A kì í rán aṣọ ọdún. Tẹlifíṣọ̀n bàjẹ́, ó ní kí a máa gbọ́ rédíò. Mo gbà fún un, torí ẹ̀rù ń ba èmi náà, ṣùgbọ́n inú ń bí mi díẹ̀díẹ̀, n kò sì sọ.

Ọdún tí kòkó wa bẹ̀rẹ̀ sí í so dáadáa ni ọ̀rọ̀ náà bú jáde. Ìgbà ọyẹ́ ni. Àbíkẹ́yìn wa obìnrin, tó wà ní poli, wálé fún ọjọ́ díẹ̀. Ó ní òun fẹ́ kí gbogbo wa jọ jẹun lọ́sàn-án Sátidé kí òun tó padà. Nígbà tó ń sọ ọ́, bàbá rẹ̀ ti ń wọ bàtà oko.

"Dádì, òní nìkan."

"Ẹ máa jẹun. Ẹ bu tèmi sílẹ̀."

Mo ní, "Oko yìí ti gbà yín lọ́wọ́ wa. Kí ẹ tó sanwó ilé yìí tán, a ò ní mọ ara wa mọ́ nínú rẹ̀."

Ó tan ọ̀kadà, ó lọ. Èmi ò bá a lọ.

Ìrẹsì ṣì wà lórí iná nígbà tí fóònù mi dún. Bàbá àgbà kan tí oko wọn bá tiwa pààlà ni. Mùsùlùmí ni wọ́n, èèyàn jẹ́jẹ́, n kò gbọ́ kí wọ́n pariwo rí. Lọ́jọ́ náà, igbe ni wọ́n fi bọnu.

"Tíṣà, iná ti wọ oko o! Àwọn kan ló ń finá lé òkété nínú igbó ẹ̀yìn. Ọkọ yín ò fẹ́ jáde. A pè é títí. Ẹ tètè máa bọ̀!"

Èmi àti ọmọ mi jọ gun ọ̀kadà ẹlẹ́rò kan. A kọjá Àpómù, a kọjá Ìkòyí, n kò rántí ohun tí mo rí lọ́nà. Èéfín la kọ́kọ́ rí kí a tó rí oko. Bàbá àgbà àti àwọn ọmọ wọn ń ṣán igbó kíákíá, kí iná má baà rí ohun tó máa fi kọjá sí ọ̀dọ̀ wọn. Ewé kòkó tó ti gbẹ sílẹ̀ ń jó, ó ń ta pàrà-pàrà. Ọkọ mi wà láàárín rẹ̀, ó fi ṣẹ́ẹ̀tì bo imú, ó ń fi imọ̀ ọ̀pẹ tútù lu iná.

"Dádì, ẹ jáde!"

"Má wọ ibí! Ibi tí a ti máa jẹun nìyí!"

Mo kígbe pé, "Ta ló máa jẹ ẹ́ tí ẹ bá kú síbẹ̀?"

Kò yíjú. Ọmọ wa sáré kọjá lára mi, ó wọ inú èéfín, ó di apá bàbá rẹ̀ mú. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀: "Èmi ò fẹ́ ilé, Dádì. Ẹ gbọ́ mi? Mi ò fẹ́ ilé kankan. Ẹ jáde."

Ó sọ imọ̀ ọ̀pẹ sílẹ̀. A fà á jáde, ikọ́ ò jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀. Ìgbà tí a dé etí oko, ibi tó dúró sí ti gbiná.

Ìhà tó sún mọ́ odò nìkan ló ṣẹ́ kù. Ọkọ mi lo ọjọ́ mélòó kan ní ọsibítù. Bàbá àgbà wá kí i, wọ́n ní, "Alihamudulilahi, kò mú ẹ̀mí lọ." Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó sì kọjú sí ògiri.

Nígbà tó dé ilé, ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ bà mí lẹ́rù ju iná náà lọ. Yóò jókòó sí pálọ̀, yóò máa wo àjà. Ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ti kù dẹ̀dẹ̀. Ọmọ wa ló dá a lábàá lórí fóònù pé kí a fi iwájú ilé háyà, kí a kó lọ sí bọ́ìsì kọ́tà, yàrá kékeré tó wà lẹ́yìnkùlé. Bàbá rẹ̀ gbaná jẹ.

"Kí n kọ́lé tán, kí n wá máa gbé ẹ̀yìn bí àlejò? Kí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì máa wò mí?"

Níkẹyìn mo di ẹrù mi. Mo ní, "Èmi ń kó lọ sẹ́yìn. Tí ó bá wù yín, ẹ dúró síwájú kí ẹ̀yin àti ayálégbé jọ máa gbé pálọ̀."

Ó wò mí, ó bú sẹ́rìn-ín. N kò tíì gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ látìgbà iná. Ó dìde, ó bá mi gbé ẹrù.

Nọ́ọ̀sì méjì kan, tọkọtaya, ló háyà iwájú. Nígbà tí ọkọ mi fẹ̀yìn tì, owó ilé wọn la fi dípò owó oṣù rẹ̀ ní bánkì. Ó padà sí oko, ó tún ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbìn, ṣùgbọ́n kò lọ ní Sátidé mọ́.

Lọ́dún yìí la san gbèsè náà tán. A jọ lọ gba ìwé ilé n'Ìbàdàn. Orí itan ló gbé e sí nínú mọ́tò títí a fi dé Ìkirè. Nígbà tí a dé yàrá wa lẹ́yìnkùlé, ó bi mí bóyá kí òun sọ fún àwọn ayálégbé pé kí wọ́n máa wá ibòmíràn.

"Nítorí kí ni?" ni mo bi í. Ìfẹ̀yìntì tèmi náà ń bọ̀, owó wọn á wúlò nígbà náà.

Ó wo ògiri yíká. Ó ní ó dáa, ṣùgbọ́n kí n jẹ́ kí òun kun ẹ̀yìn yìí lọ́dà.