Géètì Alápatà àti Bọ́ọ̀lù Tí Kò Lẹ́jẹ̀ Mọ́

Kí ló dé tí Ọlọ́run á fi fún ènìyàn ní ẹyọ ohun kan ṣoṣo tó mọ̀ ọ́n ṣe dójú àmì, kí ohun náà sì jẹ́ ìpalára? Mo ti bi Í lórí ìkúnlẹ̀, mo ti bi Í níbi tí mo ti ń gún abẹ́rẹ́ sí awọ. Mo gbà pé Ó gbọ́. Èsì ni mi ò tíì rí gbà.

Ọkùnrin tó mú mi béèrè ni alápatà tí ìsọ̀ rẹ̀ fara kan ibi tí mo ti ń tún bàtà ṣe. Ìyá rẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń pè é bẹ́ẹ̀. Géètì ni gbogbo wa ń pè é, bí ilẹ̀kùn àgbàlá tó tì pa. Ẹ̀yìn ló ń gbá lórí pápá bọ́ọ̀lù nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, wọ́n sì máa ń sọ pé ẹni tó bá fẹ́ gbé bọ́ọ̀lù kọjá lọ́dọ̀ rẹ̀, kó kọ́kọ́ lọ dágbére fún ìyá rẹ̀.

Mo wòran rẹ̀ nígbà náà. Kò ga, àmọ́ itan rẹ̀ dà bí ìtì igi. Bí ẹni tó ń gbá iwájú bá ń sáré bọ̀, Géètì ò ní pàdé rẹ̀. Á dúró, á tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tó ń tẹ́tí sí ohùn láti òkèèrè, lẹ́yìn náà á fò lulẹ̀, ẹsẹ̀ méjèèjì níwájú. A máa ń gbọ́ ọ kí a tó rí i. Orúnkún á yẹ̀, eyín á dànù, eruku á sọ lálá. Nígbà tí eruku bá rọlẹ̀, Géètì ti dìde, bọ́ọ̀lù wà lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, á ní, "Bọ́ọ̀lù ni mo gbà. Èyí tó kù kì í ṣe tèmi."

Nígbà tí ẹsẹ̀ ò gbé e mọ́, ó di alápatà. Iṣẹ́ náà bá a mu. Á fi orúnkún tẹ ọrùn màlúù, á sọ gbólóhùn àdúrà kan wúyẹ́wúyẹ́, ọ̀bẹ á gba ibi kan ṣoṣo kọjá, ó tán. Ẹran ò ní jẹ̀rora. Ó máa ń sọ pé ẹni tó bá jẹ́ kí ẹran jẹ̀rora kì í ṣe alápatà, apànìyàn ni.

Orí ìtì tó ti ń gé ẹran náà ló ti ń wàásù tirẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá wá ra ẹran ló ń gbọ́ ọ, ó fẹ́, ó kọ̀, pàápàá tíṣà tó ń kọ́ àwọn ọmọ wa nílé ìwé.

"Tíṣà, ẹ̀gbẹ́ lẹ fẹ́ àbí itan?" Àáké á ró gbì. "Bọ́ọ̀lù tí ẹ̀ ń wò yẹn, òkú ni o. Wọ́n kàn wọ̀ ọ́ láṣọ ni."

"Géètì, gé ẹran fún mi, jọ̀ọ́."

"Mò ń gé e. Ẹni tí wọ́n fọwọ́ kàn léjìká ló di ojú mú, tó ń yí gbiri bí ẹja tí wọ́n dà sílẹ̀! Màlúù tí mo pa láàárọ̀ yìí, Tíṣà, kò pariwo tó ìyẹn. Ẹ jẹ góòlù, ẹ ò lè yọ̀. Etí rẹfirí lẹ̀ ń wò, bóyá á fọwọ́ kàn án, bóyá á sáré lọ wo kámẹ́rà. Ayọ̀ wo ló ń gba àṣẹ kó tó jáde lẹ́nu? Ẹ ní ẹgbẹ́ yín, ẹgbẹ́ yín. Ọlọ́rọ̀ kan rà á bí ẹni ra ewúrẹ́, ó pa àwọ̀ aṣọ rẹ̀ dà lójú yín, ẹ tún ń kọrin."

Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Wọ́n á ní ọgbọ́n ti pọ̀ jù nínú ọ̀rá ẹran tó ń jẹ.

Ẹni kan ṣoṣo tó ń bá a jiyàn délẹ̀ ni télọ̀ tó fẹ́ àbúrò rẹ̀ obìnrin. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àbúrò yìí. Òun nìkan ló ṣẹ́ kù fún Géètì láyé. Ọmọ ọwọ́ ni nígbà tí àwọn òbí wọn kú, Géètì ló gbé e sẹ́yìn, ọkùnrin tí ń fọ́ orúnkún lọ́sàn-án ló ń di irun ọmọ nírọ̀lẹ́. Nígbà tó fà á lé télọ̀ lọ́wọ́, ó sunkún débi pé àwọn èrò bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣe yẹ̀yẹ́. Télọ̀ jẹ́ ènìyàn pẹ̀lẹ́, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó lẹ́nu dídùn. Ó fẹ́ràn agbábọ́ọ̀lù kan tí wọ́n ń pè ní Labalábá, ọmọ kékeré tó ń fi bọ́ọ̀lù ṣeré bí ẹni ń kọ̀wé. Télọ̀ ló rán nọ́ńbà Labalábá sẹ́yìn jẹ́sì gbogbo ọmọ àdúgbò.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin ń fẹ́ ogun ni. Bọ́ọ̀lù lèmi ń fẹ́."

"Bọ́ọ̀lù tí kò lẹ́jẹ̀ nínú, àna mi, ijó ni. Lọ wá onílù."

Bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn, wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín, wọ́n á jọ jẹun.

Ilé ìwòran wa jẹ́ yàrá gígùn kan tó ti jẹ́ ilé ìkẹ́rù sí rí. Aṣọ dúdú wà lójú fèrèsé, bẹ́ǹṣì tò bí ti ṣọ́ọ̀ṣì, tẹlifíṣọ̀n ńlá kan wà lára ògiri níwájú. Lọ́sàn-án Sátidé kan, Labalábá ń lọ pẹ̀lú bọ́ọ̀lù, ẹlẹ́yìn kan já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Labalábá ṣubú, ó yí, ó tún yí, ó di kókósẹ̀ mú. Rẹfirí fún ẹlẹ́yìn náà ní káàdì pupa. Wọ́n tún un fi hàn: afẹ́fẹ́ nìkan ló kan ọmọ náà. Gbogbo yàrá ń hó, inú wọn ń dùn. Géètì dìde láàárín wọn, ó ń pàtẹ́wọ́ fún ẹlẹ́yìn tí wọ́n ń lé jáde.

"Ọkùnrin nìyẹn!" ló wí. "Òun nìkan ló ń gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀. Òpùrọ́ ni Labalábá yín, ẹ̀yin tí ẹ ń hó fún un náà, òpùrọ́ ni yín."

Fọganáísà tó ń lẹ táyà ní oríta yíjú padà. "Jókòó jàre, bàbá arúgbó! Ìgbà tìẹ ti lọ."

"Ìgbà mi lọ. Ẹsẹ̀ mi ò lọ."

Fọganáísà sọ ìgò lù ú. Ó bà á lókè ojú, ẹ̀jẹ̀ ṣàn bo ojú náà. Géètì ò tilẹ̀ nù ún. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fa bẹ́ǹṣì yọ lábẹ́ ìdí àwọn mẹ́ta tó jókòó lórí rẹ̀, ó sì fi í gba fọganáísà lẹ́nu. Mo gbọ́ bí páárì ẹ̀ ṣe ró. Àwọn ọ̀rẹ́ fọganáísà bo Géètì. Ó fi orí kan imú ẹni àkọ́kọ́, ó gbé ẹnì kejì sọ lu tẹlifíṣọ̀n, iná kú, òkùnkùn ṣú. Nínú òkùnkùn náà, ìkúùkù àti ìró mímí nìkan ló kù, àti ohùn télọ̀ tó ń kígbe pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́! Ẹ̀gbọ́n, èmi ni!" Òun ló rọ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn títí tó fi fà á jáde.

Onílé ìwòran ní kò gbọdọ̀ tẹ ibẹ̀ mọ́. Géètì dúró lójú títì, ẹ̀jẹ̀ ń kán sí igbá àyà rẹ̀, ó ní, "Mi ò ní padà síbẹ̀ mọ́. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ wá sí pápá. Ká gbá a bí wọ́n ṣe ń gbá a. Kò sí káàdì, kò sí kámẹ́rà, kò sí pé ẹnì kan ń yí nílẹ̀. Ẹni tó bá dùn, kó dìde."

Mo rò pé ọ̀rọ̀ inú bíbí ni. Àfi bí gbogbo àdúgbò ṣe gbà. Ó dà bíi pé ó ti ń jẹ àwọn náà lọ́kàn, pé wọ́n ti ń ṣọ̀fọ̀ nǹkan tí wọn ò lè dárúkọ. Fọganáísà fúnra rẹ̀, tí wọ́n fi aṣọ di páárì ẹ̀, fi orí dáhùn pé òun á gbá. Èmi ni wọ́n fún ní fèrè, wọ́n ní onígbàgbọ́ ni mí, mi ò ní ṣègbè. Àdéhùn ni pé kí n fọn ọ́n láti fi bẹ̀rẹ̀, kí n fọn ọ́n láti fi parí. Ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀ láàárín kò kàn mí.

Pápá náà wà lẹ́yìn ilé ìpẹran, ilẹ̀ rẹ̀ le bí àwo. Ọ̀dọ̀ fọganáísà ni télọ̀ lọ, nítorí kò sí ẹni tó lè gbé bọ́ọ̀lù rìn lọ́dọ̀ wọn.

"Ẹ̀gbọ́n, àárín ẹsẹ̀ yín ni màá gbà kọjá lónìí o."

"Bí o bá gba ibẹ̀ kọjá, wá gba ọ̀bẹ mi, kí o máa pa màlúù."

Àbúrò rẹ̀ gbé omi wá fún àwọn agbábọ́ọ̀lù. Ó ń rẹ́rìn-ín létí pápá. "Bùọ̀dá mi, ẹ má pa mí lọ́kọ o!"

"Èwo lọkọ ẹ níbí? Mi ò mọ ẹnikẹ́ni lórí pápá."

Mo fọn fèrè. Kò pẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ fi wà lára gbogbo wọn. Ìgbọ̀nwọ́ là ètè, orí kan orí, ẹnì kan tutọ́ eyín sílẹ̀ ó sì ń sáré lọ. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni ìdùnnú wọn. Fọganáísà gbá Géètì nítan, àwọn méjèèjì ṣubú, Géètì gbé e dìde, ó lù ú lẹ́yìn pẹ́pẹ́ bí ọmọ ìyá. Ìgbà yẹn ni télọ̀ dé. Ó ṣe bí ẹni tó fẹ́ ya ọ̀tún, ó ti bọ́ọ̀lù gba àárín ẹsẹ̀ Géètì kọjá, ó sì lọ gbà á lẹ́yìn rẹ̀. Pápá mì tìtì. Mo wo ojú Géètì. Ẹ̀rín ló ń rín, ẹ̀rín àtọkànwá, bí ẹni tó rí ohun tó sọnù.

Télọ̀ tún padà wá. Géètì tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Mo ti ki fèrè bọnu, àdéhùn tàbí kò sí àdéhùn. Mo fọn ọ́n kíkan. Ìró rẹ̀ àti ìró egungun jọ jáde ni.

Eruku rọlẹ̀. Géètì ti dìde, bọ́ọ̀lù wà lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀, ó ti la ẹnu. Télọ̀ ò yí nílẹ̀. Kò kígbe. Ó jókòó, ó ń wo egungun ojúgun rẹ̀ tó ti dá awọ lu síta, funfun, bí ẹni tó ń wo aṣọ tí ẹlòmíràn gé bà jẹ́. Ó wá gbójú sókè, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò rí i pé èmi ni?"

Gbólóhùn tó fẹ́ jáde lẹ́nu Géètì kò jáde.

Àbúrò rẹ̀ ju omi nù. Ó fa igi tí wọ́n fi ṣe òpó góòlù yọ nílẹ̀, ó sì fi bẹ̀rẹ̀ sí í lu ẹ̀gbọ́n rẹ̀, léjìká, lórí, lẹ́yìn, ó ń sọ ní gbogbo ìgbà tó bá bà á pé, "Ọkọ mi nìyẹn! Ọkọ mi nìyẹn!" títí igi náà fi ṣẹ́ sí méjì. Géètì ò gbé apá sókè. A fẹ́ dì í mú, Géètì ní ká fi í sílẹ̀.

Wọ́n fi irin sínú ẹsẹ̀ télọ̀ nílé ìwòsàn. Dókítà ní á rìn, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ náà ni ó fi ń tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, kò sì ní lè tẹ̀ ẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Géètì gbé ẹran lọ sílé wọn. Àbúrò rẹ̀ gbà á lójú fèrèsé, ó sì dà á fún ajá níwájú rẹ̀. Ó tún lọ, ó bá ilẹ̀kùn ní títì, ó ń gbọ́ ohùn wọn nínú ilé. Ó pe àbúrò rẹ̀ ní orúkọ tó máa ń pè é nígbà tó ń di irun fún un. Ohùn inú ilé dákẹ́.

Látìgbà náà kò sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù mọ́. Tíṣà gan-an fi ọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, ẹran nìkan ló gé fún un. Fọganáísà kọjá, ó ní, "Géètì, wọ́n mà ti ṣí ọ!" Kò gbójú sókè. Ọjọ́ kan, mo gbọ́ tí màlúù ké nílé ìpẹran, igbe gígùn tí kò fẹ́ tán. Ọ̀bẹ ti ṣi ibi tó yẹ. Mo rí Géètì tó jáde síta, ẹ̀jẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀, ó ń bì.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní ká gbàdúrà fún télọ̀, a gbàdúrà. Kò sẹ́ni tó dárúkọ Géètì. Mo dárúkọ rẹ̀ nínú ọkàn mi. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn ju òkúta sínú kànga, tó dúró, tó dúró, tí kò gbọ́ kó bá omi. Mi ò sọ pé kò sí omi níbẹ̀. Mo kàn ń sọ ohun tí mo gbọ́ ni.

Lánàá, ó wá sí ìsọ̀ mi pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ lọ́rùn. Ó jókòó lórí àpótí tí àwọn oníbàárà ń jókòó lé.

"Ṣúmékà, ṣé Ọlọ́run rẹ máa ń gba ẹsẹ̀ dípò ẹsẹ̀?"

"Ó ti gba ohun tó ju ẹsẹ̀ lọ."

"Kì í ṣe ohun tí mo bi ọ́ nìyẹn."

Mo ń wá ọ̀rọ̀ inú Ìwé Mímọ́ tó bá a mu. Èyí tó kọ́kọ́ wá sọ́kàn mi, èyí tó ní ẹsẹ̀ fún ẹsẹ̀, ẹ̀rù bà mí láti sọ ọ́ fún un.

Ó fa òòlù yọ lábẹ́ aṣọ iṣẹ́, òòlù ńlá tó fi ń fọ́ egungun, ó gbé e ka itan mi. Ó ti fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní.

"Bá mi lọ sílé wọn lọ́la, lẹ́yìn ìsìn. Ìwọ ni kó o kan ilẹ̀kùn, wọ́n á ṣí i fún ọ. Màá na ẹsẹ̀ mi sílẹ̀ níwájú àna mi, màá gbé èyí lé e lọ́wọ́. Bó bá gbé e sókè, ọ̀rẹ́ mi, mo bẹ̀ ọ́, má dì í mú. Má sì gbàdúrà kí ọwọ́ rẹ̀ rọ̀."