Ilé Ààyò Òṣùpá

Òórùn tùràrí ni mo fi mọ ilé màmá ará Íńdíà tí mo ń tọ́jú lẹ́bàá adágún Southmere ní Thamesmead, nílùú Lọ́ńdọ̀nù. Bí afẹ́fẹ́ bá ti gbé òórùn burúkú wá láti Crossness, níbi tí wọ́n ti ń sẹ́ omi ìdọ̀tí ìlú, màmá á tan tùràrí, ilé á wá máa ta sánsán bíi ṣọ́ọ̀ṣì aládùúrà tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Bóyá ìyẹn ló jẹ́ kí n gbàgbé pé ṣọ́ọ̀ṣì wa ò fẹ́ ká máa wádìí lọ́wọ́ ìràwọ̀.

Lẹ́tà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nígbà náà pé ilé iṣẹ́ tó mú mi wá ti pàdánù àṣẹ láti gba àlejò síṣẹ́. Kí n rí ilé iṣẹ́ mìíràn tó máa gbà mí láàárín ọgọ́ta ọjọ́, àbí kí n máa lọ sílé. Mo kọ̀wé títí, kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan tí mò ń fi ìpara pa ẹsẹ̀ màmá, ó rí omi lójú mi, ó ní kí n gbé ìwé òṣùpá òun wá. Ó ní ìyàwó mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni òṣùpá ní, kálukú ló ní ilé tirẹ̀ lójú ọ̀run, ọ̀dọ̀ ọ̀kan ni òṣùpá sì ń sùn lóòjọ́. Ilé tó bá wà lọ́jọ́ tí wọ́n bí èèyàn ni ìràwọ̀ onítọ̀hún. Mo rẹ́rìn-ín. Bàbá mi tó fẹ́ mẹ́ta péré, kò sinmi lọ́jọ́ kan.

Mo ka ọjọ́ ìbí inú páásípọ́ọ̀tù mi fún un. Ojú rẹ̀ tàn. “Rohini ni. Ilé ààyò. Ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀ kì í sùn síta. Wákàtí tí wọ́n bí ọ ló kù, bi ìyá rẹ.”

Inú mi dùn títí mo fi wọ bọ́ọ̀sì, kí n tó rántí pé hẹdimásítà ló fún mi ní ọjọ́ ìbí yẹn. Oko ni wọ́n bí mi sí, kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀. Lọ́jọ́ tí ọwọ́ mi gba orí kọjá kan etí kejì, hẹdimásítà ro ọdún mi, ó sì fi oṣù àti ọjọ́ tó wù ú sí i. Màámi nìkan ló mọ òótọ́. Mo pe àbúrò mi, ó gbé fóònù sí wọn létí.

“Màámi, ọjọ́ wo lẹ bí mi?”

Wọ́n ní, “Àǹtí, ṣé ẹ ti jẹun?”

Èmi ọmọ wọn ni wọ́n ń pè ní ẹ̀yin. Àbúrò mi gba fóònù. “Sister mi, ẹ má bínú. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí ìgbàgbé yìí ti start. A ò fẹ́ kí ẹ worry ni.”

Nígbà tí mo sọ fún màmá, ó pa ìwé náà dé. “A jẹ́ pé ìràwọ̀ ẹlòmíràn ni mo kà.” Mo ń fi ìpara pa ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ.

Ọgọ́ta ọjọ́ pé, ilẹ̀kùn kankan ò ṣí. Mi ò dá òṣùpá lẹ́bi. Ohun tó ń dùn mí ni pé ẹnì kan ṣoṣo ló mọ ọjọ́ tí mo dé ayé, ẹsẹ̀ ìyá ẹlòmíràn ni mo sì ń fi ìpara pa ní Thamesmead nígbà tí màámi ń gbàgbé rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọ̀dọ̀ màámi ni mo wà báyìí. Bí mo bá fi ìpara pa ẹsẹ̀ wọn tán, wọ́n á di ọwọ́ mi mú.

“Ẹ ṣé o, Àǹtí. Ẹ tètè máa lọ sílé yín, kí ilẹ̀ tó ṣú.”