Ohun Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Ń Gbé Mì Padà

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi, Ìyá Báyọ̀, fi wọ ọkọ̀ Abuja ní Kàbà. Ó ti tó oṣù mélòó kan tí nǹkan ti ń dí i lọ́nà ọ̀fun. Iyán kì í sọ̀kalẹ̀ mọ́. Bó bá sì húkọ́ gidi, ẹran pupa kan tó gùn bí ìka á yọ sí i lẹ́nu, á sì yára gbé e mì padà. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, mo sá jáde ní yàrá. Nígbà tí ara mi balẹ̀, mo wá sọ ara mi di olùkọ́: “Ẹ máa yíjú o. Ẹ fi gèlè bo ẹnu yín.” Òun ló ń darí orin ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ojú sì ń tì mí fún un. Jẹjẹrẹ là ń bẹ̀rù, àmọ́ kò sẹ́ni tó dárúkọ rẹ̀ nínú àwa méjèèjì.

Títì tó lọ sí Ọbájànà kún fún kòtò, tirélà sìmẹ́ńtì sì gba ojú ọ̀nà kan. Lẹ́yìn Lọ́kọ́jà ni ara tó tù wá. Ní Koton-Karfe, dẹ́rẹ́bà dúró kí a ra ẹja yíyan, ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà fún èyí tó tóbi. Mo jẹ tèmi tán, ẹ̀gbọ́n mi kàn ń wò mí.

Dẹ́rẹ́bà ní, “Màmá, ẹja yìí ò wù yín ni?”

“Ó wù mí, ọmọ mi. Ọ̀fun ni ò gbà.”

Lugbe ní Abuja ni Báyọ̀ ọmọ rẹ̀ ń gbé, òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni. Mo fi Yorùbá kí àwọn ọmọ rẹ̀, wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì dáhùn, ṣùgbọ́n orí ìkúnlẹ̀ ni wọ́n ti dáhùn, mo sì gbà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Báyọ̀ ń gbé wa lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ kejì, mo rí ohun tí mi ò rí rí nílé: iná tó ń darí ọkọ̀ lójú títì pọ́n, kò sí ọlọ́pàá níbẹ̀, gbogbo ọkọ̀ sì dúró jẹ́ẹ́.

Dókítà tó gbà wá jẹ́ ọmọbìnrin Hausa kan. Ó ní, “Sànnu, Màmá.” Àwọn Hausa máa ń fi sànnu kíni, wọ́n tún fi í báni kẹ́dùn. Àwa tá a ní “ẹ kú” fún gbogbo nǹkan, wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo borí wa. Àfi bó ṣe yí sí Yorùbá; Ìlọrin ló ti kàwé. Ó tan iná sí ọ̀fun ẹ̀gbọ́n mi, kò rí nǹkan kan.

“Ṣé nǹkan máa ń yọ sí yín lẹ́nu?”

Ẹ̀gbọ́n mi wojú mi. “Rárá o. Ikọ́ lásán ni.”

Dókítà mú bírò, ó fẹ́ kọ oògùn ikọ́ kí a máa lọ. Ibẹ̀ ni ikọ́ náà ti dé. Ẹ̀gbọ́n mi yíjú, ó gbé gèlè sókè gẹ́gẹ́ bí mo ṣe kọ́ ọ. Mo já gèlè náà gbà.

“Ẹ má gbé e mì! Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí i!”

Dókítà kò fà sẹ́yìn. Ó di ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi mú, ó sún mọ́ ọn, ó wo ẹran náà dáadáa.

“Ẹ ṣé, Màmá. Kì í wọ́pọ̀ rárá. Òkè ọ̀nà oúnjẹ ló ti hù. Ó jọ pé kì í ṣe jẹjẹrẹ, a ṣì máa yẹ̀ ẹ́ wò. Àmọ́ bó bá ṣubú dí ọ̀nà èémí, ó lè pa yín lójijì. Ta ló ní kí ẹ máa fi í pa mọ́?”

Mo ní, “Èmi ni.”

Láti ẹnu ni wọ́n ti gé e, wọn ò fọ̀bẹ kan ọrùn rẹ̀. Èsì àyẹ̀wò dé: kì í ṣe jẹjẹrẹ. Mo sunkún níwájú dókítà, ojú ò tì mí. Nígbà tá à ń padà bọ̀, ẹ̀gbọ́n mi jẹ odindi ẹja kan ní Koton-Karfe, kò fún mi nínú rẹ̀.

Nílé, àwọn obìnrin ẹgbẹ́ akọrin wá kí wa. Ẹ̀gbọ́n mi ròyìn gbogbo rẹ̀, ó tún la ẹnu fún wọn wò. Ó ń ṣe mí bíi kí n ní kó yíjú, mo pa ẹnu mi mọ́. Nígbà tí àwọn yòókù lọ tán, ọ̀kan nínú wọn dúró sẹ́yìn. Ó di ìborùn rẹ̀ mú mọ́ ọrùn, ó rọra ní, “Èmi náà ní nǹkan kan o. Mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni.”

Mo mú un lọ sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà.

Mo ní, “Ẹ jẹ́ kí n rí i.”