Ọmọ Modákẹ́kẹ́ tó fẹ́ ṣe olorì Ifẹ̀

Àyà mi ṣì ń já bí mo ṣe ń tẹ èyí.

Èmi ni wọ́n mú ṣe olorì Ifẹ̀ nínú eré ìtàgé àtijọ́ kan tó kún fún orin tí a fẹ́ tún gbé jáde. Lónìí, bí a ṣe parí ìdánrawò l'Ẹ́nuwà, níwájú ààfin Ifẹ̀, bàbá kan tẹ̀lé mi débi tí mo ti ń dúró de ọ̀kadà.

"Ìwọ ọmọ Modákẹ́kẹ́ yìí, ta ló ní kó o ṣe olorì wa?"

"Ẹ má bínú, sà. Ohùn mi ni wọ́n gbọ́ tí wọ́n fi mú mi."

"A máa wò ó bóyá wàá gorí ìtàgé."

Mo pe ọ̀gá tó ń darí eré náà, ọmọ Ifẹ̀ gidi ni wọ́n. Wọ́n ní, "Ìwọ ni mo yàn. Mi ò ní pààrọ̀ ẹ."

Ìyá mi ní kí n má lọ mọ́. Ọ̀la la máa ṣeré.

Tó bá jẹ́ ẹ̀yin, ṣé ẹ máa lọ?