Àpótí Ẹ̀sùn Tó Ń Jò

Orí fóònù ni àwọn èrò ti ń ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú omi wa. Èmi ni mo kọ kóòdù tó ń gba dátà JSON, ìyẹn ohun tí wọ́n bá kọ ránṣẹ́ láti orí fóònù, tó ń tò ó sínú dátábéèsì: orúkọ, èbúté, aago. Àpótí ẹ̀sùn wà lójú fóònù, ṣùgbọ́n módẹ́ẹ̀lì wa, àtẹ tó ń sọ ohun tí kóòdù lè gbà, kò ní àyè fún ẹ̀sùn, kóòdù mi á sì gbọ̀n ẹ̀sùn yòówù tí èèyàn bá kọ dànù. Mo pariwo títí. Ọ̀gá mi ní, "Ṣé wọ́n bi ọ́ ni?"

Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí èmi náà fẹ́ wọ ọkọ̀ wa ní èbúté Ìpakodò, wọ́n fún mi ní jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kéèyàn rì. Kí n tó rí i pé okùn rẹ̀ ti já, a ti dé àárín ọ̀sà. Mo jágbe mọ́ awakọ̀. Kò bojú wẹ̀yìn, ó kàn ní:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kọ ọ́ sórí fóònù yín. Wọ́n á rí i."