Ẹgbẹ́ Òṣèlú Tó Fún Télọ̀ Láṣọ

Nígbà tí ẹgbẹ́ òṣèlú wa fìdí rẹmi nínú ìbò, ìpàdé la bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe. Àwa tí à ń pe ara wa ní onítẹ̀síwájú kò mọ oògùn mìíràn fún ìjákulẹ̀. Gbọ̀ngàn kan ní Under G, l'Ógbòmọ̀ṣọ́, la máa ń pé sí, torí pé ẹ̀rọ amúlétutù ibẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ìbéèrè kan ló wà nílẹ̀: kí ló dé tí àwọn télọ̀, mẹkáníìkì àti wẹ́dà fi kẹ̀yìn sí wa? Ọ̀mọ̀wé kan tan àwòrán sára ògiri, ó fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ tọ́ka sí i pé àwọn òṣìṣẹ́ kò mọ ohun tó máa ṣe wọ́n láǹfààní. A pàtẹ́wọ́. Òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo tó wà nítòsí ni ẹni tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe níta. A ò pè é wọlé, ọwọ́ rẹ̀ kún fún epo.

Nígbà tó kàn mí, mo ní ẹni tó bá fẹ́ ìbò télọ̀, kó gbé iṣẹ́ fún télọ̀. Mo ní ká ra aṣọ, ká kó o fún àwọn télọ̀ Ọ̀yọ́ kí wọ́n fi rán ṣẹ́ẹ̀tì ìpolongo wa. Alága dìde, ó dì mọ́ mi. Òun fúnra rẹ̀ ló lọ bá wọn níbi ìpàdé wọn lẹ́bàá ọjà Akẹ̀sán, ó lu àyà: "Àwọn tó kù ń fún yín ní ìrẹsì. Àwa, iṣẹ́ la máa fún yín!"

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà níbẹ̀. Télọ̀ ni. Oníbàárà ti ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ rẹ̀, ó sì ti rí ẹni tó máa ra ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ kó lè ti ìsọ̀ pa. Ọ̀rọ̀ alága ló mú un dúró. Ó dá ẹni náà padà, ó rọ epo sí ẹ̀rọ, ó ránṣẹ́ pe àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ tó ti wà nílé.

Nígbà tí ọjọ́ pé, mo bá ọkọ̀ ẹgbẹ́ lọ sí Ọ̀yọ́. Ọ̀nà náà gbọ̀n wá bí ẹni ń fi asẹ́ sẹ́ gàrí. A bá àwọn télọ̀ tí wọ́n ti ń retí wa, téèpù lọ́rùn, ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́. Alága ní kí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀. Wọ́n tú u. Ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti rán tán ni, láti òkèèrè, tí wọ́n dì sínú ọ̀rá lọ́kọ̀ọ̀kan, orúkọ ẹgbẹ́ wa gàdàgbà láyà rẹ̀.

Bàbá àgbà kan lára wọn bá yí inú ọ̀kan síta. "Ẹ wo ojú ìránṣọ! Bí ẹni tí ọlọ́pàá ń lé!" Ẹ̀rín bú.

"Ọ̀fẹ́ ni o!" ni alága wí. "Ẹ gbé e wọ̀, ẹ̀yin èèyàn wa."

Ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀ kí i dáadáa. "Ẹ kú ìnáwó, sà. Ẹ gbé ẹran díndín wá fún alápatà, ẹ ní kó máa jó. Iṣẹ́ tẹ́ ẹ ní ẹ máa fún wa ńkọ́?"

Ọ̀mọ̀wé wa ló dá a lóhùn. "Mọ́mì, èyí ló dínwó jù. Ọ̀rọ̀ ajé ni."

"Mo mọ̀ pé ó dínwó, ọmọ mi. Òun náà ló kó àwọn oníbàárà mi lọ. Àṣé ẹ̀yin náà ti bá wọn lọ!"

Ọ̀mọ̀wé kò mọ ìgbà tí ó yẹ kó dákẹ́. Ó ní ẹgbẹ́ máa dá wọn lẹ́kọ̀ọ́ lórí bí èèyàn ṣe ń dá iṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn tó ń ránṣọ kí wọ́n tó bí i ló ń sọ fún! Ilẹ̀ ni mo ń wò.

Ọ̀pọ̀ gba ṣẹ́ẹ̀tì náà. Ẹ̀gbọ́n mi ò gbà. Bí mo ṣe fẹ́ wọkọ̀, ó fà mí lápá. "Alákọ̀wé, nítorí yín ni mo ṣe dá ẹni tó fẹ́ ra ẹ̀rọ mi padà. Ó yá, bá mi pè é."

Mo pè é. Ó wá gbé ẹ̀rọ lọ.

Ìbò mìíràn ti ń bọ̀ báyìí. A ti padà sí Under G, ìbéèrè kan náà, àwòrán kan náà. Wọ́n rán mi sí ẹ̀gbọ́n mi pé kó wá bá wa sọ̀rọ̀ lórúkọ àwọn òṣìṣẹ́. Mo bá a ní Akẹ̀sán, níbi tó ti ń pàtẹ òkìríkà. Ó gbọ́ mi tán, ó ń na ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì kan tó ti hunjọ.

"Sọ fún wọn pé òṣìṣẹ́ ti ṣíwọ́," ló wí. "Aṣọ òkèèrè lèmi náà ń kó fáráyé báyìí, bíi tiyín. Ó yẹ kí n ti wà nínú ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ yín."

Mo jíṣẹ́ náà bó ṣe rán mi. Alága ní ọ̀rọ̀ ńlá ni, àwọn máa jíròrò rẹ̀.